Òkìtì Pàǹtí Tó Ń Pe Fáànù Fúnra Rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ sún mọ́ òkìtì yìí, kí ẹ wò ó. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí wọ́n fi ṣe mọ́ínmọ́ín: pàǹtí inú ilé tí a fẹ́ sọ di ajílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbóná débi pé ẹ ò lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dáná sí i. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ló ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló mú ooru wá.

Ooru yẹn gan-an la fẹ́. Bó bá wà ní ìwọ̀n 55 Celsius fún ọjọ́ 3, tí atẹ́gùn sì ń wọlé, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ á kú. Àmọ́ bó bá gbóná kọjá 65, àwọn kòkòrò tó ń bá wa ṣiṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí kò bá sì rí atẹ́gùn, òórùn ààtàn tí gbogbo wa mọ̀ yẹn dé nìyẹn.

Ta ni yóò wá ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru? Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, ní Beltsville, Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ́ páìpù oníhò sábẹ́ òkìtì, wọ́n so ó mọ́ fáànù, aago sì ń tan fáànù náà. Ó dáa, ṣùgbọ́n aago ò mọ ohun tó ń ṣe òkìtì. Àwọn ti Yunifásítì Rutgers, ní Amẹ́ríkà kan náà, ló wá jẹ́ kí ooru inú òkìtì fúnra rẹ̀ máa pe fáànù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ wo ọ̀pá irin gígùn yìí. A tì í wọ àárín òkìtì, ó ń sọ ìwọ̀n ooru fún kọ̀ǹpútà. Bó bá ti pé 60, fáànù á yára. Bó bá tutù, á rọra fẹ́, kò ní kú pátápátá, torí àwọn kòkòrò yẹn ń mí.

Atẹ́gùn máa ń gbé omi lọ o. Nítorí náà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ó yẹ kó tutù bíi kànrìnkàn tí a ti fún. Bó bá gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Fáànù á dúró, òkìtì ò ní dúró. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, kí ẹ má sì lé àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì yí i lọ.

Ẹ má kánjú kó o lọ sóko. Tí ẹ bá yí i padà, tí ẹ tún fi omi sí i, tí kò sì gbóná mọ́, ó ti jinná. Àgbàdo tí ẹ bá fi èyí tí kò jinná sí nídìí, ewé rẹ̀ á pọ́n.