Fáíbà kan, ilé méjì: bí mo ṣe ń to bridge àti VLAN

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjàpọ̀ la wà lónìí, ní Àkúrẹ́ níbí. Onílé wà lókè, ayálégbé wà nísàlẹ̀, wáyà fáíbà kan ṣoṣo ló wọlé. Ayálégbé lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó máa wá kámẹ́rà bàbá onílé kiri. Ẹ jẹ́ ká fi VLAN pín wọn, ìyẹn ọ̀nà tí wáyà kan ṣoṣo fi ń ṣe bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ḿbà la fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń ta fáíbà fún yín. Ẹ ní kí wọ́n yí ONU, àpótí kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀ yìí, sí bridge, kó kàn máa gbé dátà kọjá, kó má ṣe iṣẹ́ ráútà. Ẹ gba nọ́ḿbà VLAN wọn, ẹ gba username àti password PPPoE, èyí tí ráútà yín á fi wọlé sọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣáà fi ráútà yín sẹ́yìn tiwọn, ẹ má gbà! Ráútà méjì tó ń ṣe NAT (kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé máa fi àdírẹ́sì kan jáde) lórí ara wọn, mo kórìíra ẹ̀. Lọ́la, ẹ ó máa bi mí pé kí ló dé tí kámẹ́rà ò ṣeé wò látìta.

Ráútà MikroTik ni mo ń lò, àwọn ihò wáyà ẹ̀ ló ń jẹ́ ether1, ether2 lọ bẹ́ẹ̀. Wáyà tó ti ONU wá, ether1 ló wọ̀. Ẹ ṣí VLAN lórí ether1, ẹ kọ nọ́ḿbà wọn sí i. PPPoE client á wá jókòó lórí VLAN yẹn, kì í ṣe lórí ether1 o. MTU, ìwọ̀n ẹrù tó pọ̀ jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, 1492, torí báìtì 8 ni PPPoE ń jẹ nínú 1500. Ẹ rí R (running) tó yọ yẹn? Ó ti wọlé. Ẹ fi Masquerade sí i, NAT tiwa nìyẹn.

Ó kan bridge tinú ráútà, ohun tó ń so àwọn ihò pọ̀ mọ́ra. Ether2, 3 àti 4 wọnú bridge1. Ether1 ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ether5 ńkọ́? Ẹ fi í síta, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀, 192.168.88.1/24. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyẹn, ẹ ó rí iṣẹ́ ẹ̀.

VLAN 10 ti onílé, 20 ti ayálégbé. Ether2, PVID 10, ìyẹn ni pé ohun tó bá gba ihò yẹn wọlé, VLAN 10 ni. Ether3, PVID 20. Ether4 ń lọ sí Wi-Fi, méjèèjì ló ń gbabẹ̀ kọjá, tagged, nọ́ḿbà VLAN á wà lára dátà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bridge1 fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú tagged, fún 10 àti fún 20. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé fóònù rí Wi-Fi, àmọ́ kò gba IP (àdírẹ́sì tó yẹ kí ráútà fún un), ibẹ̀ lẹ lọ wò. Mo fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ ṣí VLAN 10 àti 20 lórí bridge1, ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì, DHCP Setup tó ń pín IP, next, next, next. Mò ń yára, iná lè lọ nígbàkígbà. VLAN nìkan ò tó o, ráútà ṣì máa gbé 20 dé ọ̀dọ̀ 10. Nínú Firewall, ẹ kọ òfin forward láti 20 sí 10, drop, kó jù ú nù.

VLAN Filtering, èyí tó ń mú òfin VLAN ṣiṣẹ́ lórí bridge1, ló kẹ́yìn pátápátá. Àwọn kan á kọ́kọ́ tàn án, Winbox tí wọ́n fi ń to ráútà á já, wọ́n á wá máa wá pín-ín-nì tí wọ́n á fi tẹ reset. Ẹ tẹ Safe Mode ná: bẹ́ ẹ bá já, ráútà á dá gbogbo ẹ̀ padà. Èmi tiẹ̀ ti ki laptop bọ ether5. Ẹ ò rí i? Mo tàn án, mi ò já.

Mo ti bọ́ sórí Wi-Fi ayálégbé. Google ń ṣí. Kámẹ́rà bàbá: timeout, kò dáhùn. Ẹ̀yin ará Òǹdó tẹ́ ẹ ń tọrọ nọ́ḿbà VLAN lọ́wọ́ mi, ẹ bi àwọn tó ń ta tiyín, tibí ò ní ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ gbọ́, bàbá ń pè. Wọ́n ní fóònù àwọn ò rí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹ wo wáyà ẹ̀, ether3 ni wọ́n fi í sí. Ẹ yọ ọ́ wá sí ether2, sà.