Pípa Wíńdò Kọ́ Ni Pípa Sáfà

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tan sáfà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń jókòó de ìpè àwọn ètò mìíràn, àti bí a ṣe ń pa á. Títan kò le, gbogbo ayé ló mọ nǹkan í tàn. Pípa ni mo bá wá.

PostgreSQL, sáfà tó ń tọ́jú dátà, ni màá lò, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù. Yunifásítì Berkeley ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, lábẹ́ Michael Stonebraker. pgAdmin tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, client lásán ni, ètò tó ń bẹ sáfà níṣẹ́. Dátà yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Sáfà wà lábẹ́lẹ̀, ó ń retí ìpè lórí port 5432, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ X, àlejò ló jáde yẹn, onílé ṣì wà nílé. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ ó rí postgres rẹpẹtẹ, torí client kọ̀ọ̀kan tó wọlé ló ní process tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà ètò náà tó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá End Task ti ń wọlé. (Ẹ má bínú, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn.) Ẹ fi bọ́tìnnì End Task yẹn fipá pa ẹyọ kan nínú àwọn process náà, olórí wọn á kà á sí jàǹbá, á sì lé gbogbo àwọn yòókù jáde pẹ̀lú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni pg_ctl stop, àṣẹ tí a fi ń pa sáfà, ní. Smart kò ní gba ẹni tuntun, á wá dúró kí àwọn tó wà níbẹ̀ jáde fúnra wọn. Ó dára létí, àmọ́ bí akọ̀wé kan bá ṣí pgAdmin sílẹ̀ tó lọ jẹun ọ̀sán, ẹ ó dúró títí. Fast á já gbogbo wọn, á dá iṣẹ́ tí COMMIT (àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ múlẹ̀) kò tíì dì padà sí bó ṣe wà, á kó ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì sórí díìsìkì, kó tó kú. Immediate kì í palẹ̀ mọ́ rárá. Kí ẹ̀dà 9.5 tó dé, smart ló máa ń lò bí ẹ kò bá yan; fast ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́n.

Arábìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ láìsọ fún wa, ta ló ráyè fast?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìbéèrè náà sì gba àkókò mi tó kù. Torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni WAL, ìwé àkọsílẹ̀ àyípadà, ṣe wà: sáfà á ti kọ àyípadà síbẹ̀ ṣáájú, òun ló máa kà láti tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá jí. Ohun tí COMMIT ti dì kò ní sọnù, bí díìsìkì kò bá purọ́ pé òun ti kọ ọ́. Àwọn tó ní kí ẹ pa fsync (ohun tó ń rí i pé àkọsílẹ̀ dé orí díìsìkì) kí ó lè yára, ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Bí UPS bá sì ti ń ké, ẹ má ní ẹ fẹ́ tẹ ríṣíìtì kan sí i: pg_ctl stop -m fast, ó tán.

Bí iná bá dé tí postmaster.pid, fáìlì tí sáfà ń kọ nọ́ńbà process rẹ̀ sí, kò jẹ́ kí ó tàn ńkọ́? Wọ́n á ní kí ẹ pa fáìlì náà rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá process tó ni nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí sáfà méjì bá wọnú fódà dátà kan, dátà bàjẹ́ nìyẹn.

Alága ti ń wo aago. Títan: services.msc lórí Windows, sudo systemctl start postgresql lórí Ubuntu. Bí ó bá kọ̀, ẹ ka log, fáìlì tí sáfà ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí, kí ẹ tó pè mí.