Ta ni Mínísítà Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì, Kí sì ni Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹjú mọ́ àwòrán tó wà níwájú yín yìí. Èèpo ẹ̀wà tútù kan ni, gígùn rẹ̀ sì ju ìka àárín lọ díẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ìgbẹ́ kòkòrò tó rí bí lẹ́búlẹ́bú pákó sì dì sí ẹnu ihò náà. Bí a bá fi èékánná la èèpo ọ̀hún, ìdin kan ni a ó bá níbẹ̀, tí àmì dúdú kéékèèké tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti jẹ hóró mẹ́ta tán, ó sì ti dé orí ìkẹrin. Maruca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ó bá wọ oko tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó lè run tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà tó wà níbẹ̀, ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi máa ń fín oògùn léraléra kí ó tó rí nǹkan kórè.

Ọ̀rọ̀ mínísítà tó ń mójú tó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà ni a fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀wà yìí ni yóò sì fi ọ̀nà hàn wá, nítorí pé bí a bá tẹ̀ lé e láti yàrá ìwádìí dé oko, a ó rí ibi tí agbára mínísítà náà dé àti ibi tí ó pin sí.

Ọdún 1980, nígbà ìṣèjọba Alhaji Shehu Shagari, ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní 1984, ìjọba ológun da á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di 1985 wọ́n tún yà á sọ́tọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà, àti láti 2023 ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀tuntun ti ṣáájú sáyẹ́ǹsì nínú orúkọ náà. Abala 147 ìwé òfin ọdún 1999 ni ó sọ pé Ààrẹ ni yóò yan mínísítà, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà yóò sì fọwọ́ sí i. Abala 148 ni ó fún Ààrẹ lágbára láti pín iṣẹ́ fún un. Àlàfo tó wà láàárín abala méjèèjì yìí tóbi ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ nìkan ni Ààrẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, láìsọ iṣẹ́ tí ẹni náà yóò ṣe. Àwọn aṣòfin kò lè bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa ìwádìí, nígbà tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ bóyá sáyẹ́ǹsì ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí, nítorí pé ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn ni àǹfààní kan ṣoṣo tí ará ìlú ní láti gbọ́ èrò ẹni náà kí ó tó jókòó sórí àga.

Nígbà tó bá jókòó tán, kì í ṣe òun ni yóò ṣe ìwádìí, kò sì lè pàṣẹ fún àwọn onímọ̀ pé èsì báyìí ni kí wọ́n mú wá. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni láti gbé ìlànà lọ sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí Ààrẹ ń darí, láti mójú tó àwọn àjọ tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àti láti lọ ṣàlàyé ìsúná wọn níwájú àwọn aṣòfin lọ́dọọdún. Àwọn àjọ náà pọ̀. FIIRO, ilé ìwádìí tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde, ní Oṣòdì, wà lára wọn. Ọdún 1956 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣe gàrí. NASRDA ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, NABDA, tí wọ́n ń pè ní NBRDA báyìí, sì ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ ohun alààyè. Àjọ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, orúkọ rẹ̀ ni NOTAP. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà bá fẹ́ san owó fún ìmọ̀ ẹ̀rọ tó rà lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun, ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP láàárín ọgọ́ta ọjọ́, bí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí, báńkì kò gbọdọ̀ fi owó náà ránṣẹ́. Ibi tí òfin ti fún ilé-iṣẹ́ mínísítà yìí ní eyín gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ni ó wà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí kòkó àti lórí ewébẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n wà. TETFund, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì máa ń kọ̀wé sí fún owó ìwádìí, ti ètò ẹ̀kọ́ ni. NASENI, àjọ tó ń rí sí ṣíṣe ẹ̀rọ nílé, ní tirẹ̀, lọ́dọ̀ Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló wà. Mínísítà sáyẹ́ǹsì wá dà bí olórí ẹbí tí àwọn ọmọ ilé ń gbé káàkiri ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò lè fi ohùn líle pè wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ kan ilẹ̀kùn wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀wà wa. Ní Zaria, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà kan tí wọ́n fi àbùdá láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sí, kí ìdin Maruca má baà lè jẹ ẹ́. NABDA, tó wà lábẹ́ mínísítà sáyẹ́ǹsì, dúró tì wọ́n, ó sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ará ìlú. Síbẹ̀, kì í ṣe NABDA ni ó lè sọ pé ẹ̀wà náà kò léwu. Àjọ tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀ fún ààbò lórí irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́ yẹn, abẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ni òun sì wà. Inú mi dùn sí ètò yìí, nítorí pé ẹni tó ń polówó ọjà kò yẹ kó tún jẹ́ ẹni tí yóò wọn òṣùwọ̀n rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù irú oúnjẹ yìí, tí wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn tó ní ẹ̀rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ni àjọ ààbò náà fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń fún irúgbìn tuntun lórúkọ gbà á wọlé, gẹ́gẹ́ bí SAMPEA 20-T. Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà wà ní NACGRAB, ibùdó tó ń tọ́jú irúgbìn àti àbùdá ohun ọ̀gbìn, ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, abẹ́ mínísítà sáyẹ́ǹsì ni NACGRAB sì wà. Nígbà tó di 2021, irúgbìn náà dé ọwọ́ àgbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín wò lóko ìdánwò, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, àwọn mínísítà mélòó kan sì ti wá, wọ́n ti lọ.

Ohun kan náà ni sátẹ́láìtì fi hàn wá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Turner Isoun jẹ́ mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè pé kí ni orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná kò dúró fẹ́ fi sátẹ́láìtì ṣe. Ìbéèrè náà tọ́. Wọ́n gbé NigeriaSat-1 lọ sí òfuurufú láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 2003, nígbà tí ìjì Katrina sì jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, ó wà lára àwọn sátẹ́láìtì tó ya àwòrán ibi tí ìjì náà bà jẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere. NigComSat-1, tí wọ́n gbé lọ ní oṣù Karùn-ún 2007, dákẹ́ ní oṣù Kọkànlá 2008 nítorí pé agbára oòrùn tó ń gbé e ró kọṣẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Ọdún 2011 yẹn kan náà ni NigeriaSat-X gòkè, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́. Isoun ti kúrò nípò ní 2007.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń bá gbogbo èyí fínra. Ní 1980, ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Èkó, wọ́n sì ṣe ìpinnu pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó ń pèsè lọ́dún sórí ìwádìí. Wọ́n tún ìpinnu náà sọ ní Addis Ababa ní 2007. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà sáyẹ́ǹsì tirẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní 1986, ti gba àtúnṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé mínísítà wà níwájú àwọn aṣòfin nítorí ìsúná, ẹ má fi etí sí àpapọ̀ owó nìkan. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ owó oṣù, iye tó jẹ́ ti ìtọ́jú ọ́fíìsì, àti iye tó kù fún yàrá ìwádìí gan-an.

Ẹ wo àwòrán tó kẹ́yìn yìí. Yàrá tútù kan ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kó irúgbìn pamọ́ sí, kí ó má baà run mọ́ wa lọ́wọ́. Hóró ẹ̀wà wà níbẹ̀ nínú àpò kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n sì kọ nǹkan sí lára. Bí òtútù yàrá náà bá lọ, àwọn hóró wọ̀nyí kò ní hù mọ́ nígbà tí olùwádìí mìíràn bá nílò wọn ní ogún ọdún sí i. Owó iná yàrá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí mínísítà yóò gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin lọ́dún yìí, kí ó sì tún wà nínú èyí tí ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ yóò gbé lọ.