Kúbùsù Alábùlẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta: Ọjọ́ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Kí ìnáwó kan tó wáyé l'Ékòó, ẹ mọ iye àǹkárá tí télọ̀ á ti gé? Aṣọ á dé ọrùn oníṣe. Ìgékù ńkọ́? Ibi abíyá tí wọ́n gbẹ́ jáde, etí ìró, pélébé tó kù lẹ́yìn gèlè? Òmíràn ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí yóò fi nu epo lọ́wọ́. Òmíràn, wọ́n á kì í sínú ìrọ̀rí. Èyí tó bá kù ni àwa tí à ń rán kúbùsù alábùlẹ̀ ń dù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lónìí, mo fẹ́ fi hàn yín bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí ayálégbé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: yàrá kan, bákónì kan, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì ewédú mélòó kan, àti ológbò tó rò pé òun ló ń gba owó ilé. Ẹ óò rí i pé ìránṣọ gan-an ló kéré jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo èyí tí mo tẹ́ síwájú yín yìí. Ìpele mẹ́ta ni. Òkè ni abala aṣọ oríṣiríṣi tí a tò pọ̀. Ìsàlẹ̀ ni aṣọ kan ṣoṣo. Bẹ́díṣíìtì tó ti rọ̀ dára fún un. Àárín ni ohun tó ń jẹ́ kó nípọn. Ìran tí a wá fà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ẹ bá yọ ìran yẹn kúrò, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ kúbùsù náà, ohun tó wà láàárín á ṣù jọ sí igun kan. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n ń ki òwú tó nípọn dáadáa sáàárín. Ẹ gbìyànjú ìyẹn l'Ékòó ní oṣù kẹta, kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí. Kúbùsù àtijọ́ tó ti fẹ́lẹ́ ni èmi máa ń fi sí i. Ó tó fún ọyẹ́, ó sì tó fún ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í sinmi.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni mò ń ṣe. Mi ò gbà. Aṣọ òkè tí à ń wọ̀ lọ sóde, ṣé odindi ló ń ti orí òfì jáde ni? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, bí íǹṣì mẹ́rin ní fífẹ̀, kí aránṣọ tó tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di agbádá. Ẹ sì wo aṣọ eégún: abala lórí abala, àwọ̀ lórí àwọ̀, tí àwọn ọmọ ìdílé ń rán tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. (Ti Èyò yàtọ̀ o. Funfun ni tiwọn láti òkè délẹ̀, ẹ má lọ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ tọrọ ìgékù lọ́dọ̀ wọn.) Ohun tí a yá lọ́wọ́ ará ìta nínú iṣẹ́ yìí kò ju ìpele àárín lọ.

Àwọn ará ìta náà, ẹ wo àwọn tó wà nínú wọn. Abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Àwọn obìnrin ibẹ̀, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó rán kúbùsù kí òtútù má bàa pa ọmọ wọn. Ní 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn pọ̀. Ní 2002, kúbùsù Gee's Bend wọ ilé iṣẹ́ ọnà Whitney ní New York. Nígbà tó di 2006, àwòrán àwọn kúbùsù náà wà lórí sítáǹbù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ní Amẹ́ríkà. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó gbó nìyẹn o!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òwúrọ̀ ni à ń ṣa aṣọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í parọ́ àwọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí NEPA máa mú iná lọ. Èmi á da àpò ìgékù sílẹ̀, màá wá máa ya aṣọ òwú sọ́tọ̀ kúrò lára pọ́líẹ́sítà. Kí ló dé tí a kì í da méjèèjì pọ̀? Aṣọ òwú máa ń sún kì bí omi bá kàn án, pọ́líẹ́sítà kì í sún kì. Ẹ rán wọn mọ́ra, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú kúbùsù á wú síhìn-ín, á kó jọ sọ́hùn-ún. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó fún aṣọ òwú sì lè yọ́ ìkejì dànù.

Bí ojú kò bá dá wọn mọ̀, iná á dá wọn mọ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ náà, ẹ fi irin kékeré mú un, kí omi wà nítòsí, kí ọmọdé má sì sí níbẹ̀. Ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó tó ń rùn bíi bébà, tó di eérú tó ń fọ́ lọ́wọ́, òwú ni. Bó bá ń yọ́, tó ń sun kiní dúdú kan tó le koránkorán bó bá tutù, pọ́líẹ́sítà ni. Àwọn tó ń tajà ní Balógun kò ní fẹ́ kí ẹ ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ ṣe é nílé.

Lẹ́yìn náà, fífọ̀. Gbogbo aṣọ la gbọ́dọ̀ fọ̀ kí a tó gé e, nítorí àǹkárá tuntun ní sítáàṣì lára, sítáàṣì yìí ló sì ń tan télọ̀ jẹ: aṣọ á gan, á dúró ṣinṣin, àfi ọjọ́ tó bá fojú kan omi. Àdìrẹ a máa fọ̀ lọ́tọ̀, nínú omi tútù, títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Èbúté Mẹ́ta jẹ́ àdúgbò tí àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tó sá kúrò l'Ábẹ́òkúta ní 1867 tẹ̀ dó sí, kò sì yà mí lẹ́nu pé àdìrẹ kì í wọ́n nínú àpò ìgékù ibí. Ẹ má ṣe sá a sínú oòrùn gangan, aró rẹ̀ á ṣá. Ibòòji ni. Àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn; ọ̀rọ̀ àṣírí ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n aláàdìrẹ lè gbà á bó ṣe rí.

Okùn aṣọ tiwa wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ ará ìsàlẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi tí mo ni aṣọ tó wà lórí okùn náà, ara mi ni kò rọ̀ jù.

Ó wá kan gígé. Ẹyọ onígun mẹ́rin ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ íǹṣì 5 lẹ́yìn ìránpọ̀, íǹṣì 5½ ni kí ẹ gé e, nítorí ìdá mẹ́rin íǹṣì ni ìran máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ 12 níbùú, 12 lóòró, 144 nìyẹn, ó sì máa fún wa ní íǹṣì 60 sí 60. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kù ní ìdá mẹ́rin íǹṣì péré, kí ẹ tó dé ìkejìlá, íǹṣì 3 ti lọ lórí ìlà kan. Bí ìlà kejì bá wá pé, wọn ò ní bá ara wọn mu láyé. Nítorí náà, ẹ gé páálí kan sí ìwọ̀n, kí ẹ máa fi í wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e lé aṣọ bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe dúró, kó má ṣe dábùú, nítorí aṣọ tí a gé ní ìdábùú máa ń fà.

Máṣíìnì kò ní ohun tó pọ̀ láti sọ. Abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 14 tó fún àǹkárá lórí àǹkárá. Bí ìpele àárín bá ti wọ̀ ọ́, 16 ni. Mo ń gba orí Carter Bridge kọjá lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ lọ́pọ̀, nítorí ẹyọ-ẹyọ tí à ń rà ládùúgbò ń jẹ owó. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ ìran náà sí apá aṣọ tó dúdú jù kó má bàa hàn lábẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀. Bí iná bá lọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà, àmọ́ ẹ gbọn eérú rẹ̀ nù kí ẹ tó gbé e sún mọ́ aṣọ funfun.

Bí ọ̀sán bá ń pọ́n, yàrá kì í ṣeé jókòó sí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń bọ́ sí bákónì.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí a lu ihò sídìí rẹ̀ ni oko mi: tẹ̀tẹ̀, ẹ̀fìrín, ata rodo, ewúro tí mo kàn gé igi rẹ̀ tì bọ ilẹ̀, àti ewédú. Ewédú yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń gbìn ín tí kì í hù, tí wọ́n á ní ayé ń ṣe wọ́n. Èèpo èso rẹ̀ ló le, omi kì í ráyè wọ inú. Ẹ mú ìgékù aṣọ kan, ẹ di èso náà sínú rẹ̀ bí ẹni di owó, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Tẹ̀tẹ̀ kò ní wàhálà yìí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti ń já a. Omi tí mo fi fọ àdìrẹ kì í kan bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, nítorí aró àti ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀fọ́.

Ní ti ẹ̀fìrín, ẹ má wulẹ̀ rò pé tiyín nìkan ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ewé méjì péré sì ni gbogbo wọn ń wá já fún ọbẹ̀.

Ológbò yẹn ńkọ́? Ẹ rí i níbẹ̀ yẹn, láàárín kúbùsù gan-gan. Bí mo bá tẹ́ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láti fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ tákìn wọn, ìyẹn ni pé kí n rán wọn mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn. Mi ò lè lé e kúrò nílé, torí láti ìgbà tó ti dé, eku kò tún gé aṣọ jẹ nínú àpò mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò àti òwú nínú yàrá kan: òwú lè pa á. Bó bá gbé e mì, òwú náà lè há sí ibì kan, kí ìfun máa ká jọ lórí rẹ̀, kó sì gé e. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu rẹ̀ tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Èmi, inú agolo tó ní ìdérí ni òwú mi ń sùn. Irin òòfà tí mo yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́ ni mo sì fi ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ aráalé ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un, ológbò àti ajá ni o.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń dé. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ á gbé àpò ìgékù wá. Èmi náà á dì í ní ewédú padà fún ọ̀gá rẹ̀. Àwa mélòó kan tí à ń rán alábùlẹ̀ jọ ń dá àjọ, ẹni tó bá kó o lóṣù yìí á fi ra aṣọ ìsàlẹ̀. Ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò ránṣọ rí ló máa ń sọ fún wa pé pupa yẹn pọ̀ jù. Ó sì máa ń jẹ́ òótọ́.

Ìkómọ ló ń gbé iṣẹ́ wá jù. Bàbá ọmọ á ní kí a fi aṣọ ẹbí ìgbéyàwó òun àti ti ìsìnkú bàbá òun rán kúbùsù fún ọmọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi: ẹ má kó káńfọ̀ sínú rẹ̀. Káńfọ̀ funfun roboto tí à ń jù sínú àpótí, kẹ́míkà tó ń jẹ́ naphthalene ló wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa. Bí òórùn káńfọ̀ bá wọ ara ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú á pọ́n yòò bíi ti ibà pọ́njú, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ kì í wo ìyẹn nílé, ẹ kì í gbé e sóòrùn òwúrọ̀; ilé ìwòsàn ni. Aṣọ tó bá ti bá káńfọ̀ gbé rí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kó má rùn mọ́ rárá kó tó kan ọmọ. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ kúbùsù náà sí fún un láti máa ṣeré lórí rẹ̀. Ẹ má fi bò ó sùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Oníbàárà á wò ó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àkísà lásán ni?" Mi ò ń bá wọn jà. Màá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn kí wọ́n rí ìran tó wà níbẹ̀, màá ní kí wọ́n kà á. Wọn kì í kà á tán kí wọ́n tó béèrè èló ni jálẹ̀.