Baba Wa Kì í Ṣe Òṣómàáló: Ohun tí Ọlọ́run Ń Retí Lára Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ìlú Iléṣà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn onígbàgbọ́ tó wá láti oríṣiríṣi ìjọ. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí sí ìparí rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo kí gbogbo yín lórúkọ Jésù Kristi Olúwa. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ohun tí Ọlọ́run Baba ń retí lára àwa onígbàgbọ́. Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìbéèrè yìí lójijì, iṣẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: kí a máa gbàdúrà, kí a máa gbààwẹ̀, kí a san ìdámẹ́wàá, kí a má pẹ́ dé ilé ìsìn, kí a jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n alágbàṣe lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ ọmọ. Ohun tí mo rí nínú Ìwé Mímọ́ ni pé, kí Baba tó retí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wa, Ó ń retí pé kí a jẹ́ ọmọ nínú ilé Rẹ̀, kí ọkàn wa balẹ̀ níbẹ̀, kí ìwà wa sì máa jọ tiRẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí èyí kò bá sí, gbogbo ìsìn wa a di gbèsè tí à ń san.

Ìlú tí a wà yìí sì mọ̀ nípa gbèsè. Àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá ibẹ̀, wọ́n ń tà á láwìn, oníbàárà á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni náà: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Bí wọ́n ṣe ń pe Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló nìyẹn. N kò sọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́. Owó aṣọ yẹn ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ sílé ìwé, ẹni tó bá sì wá gba owó ọjà rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú ẹni tó jẹ gbèsè ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bó bá gbọ́ ohùn òṣómàáló lóde, àyà rẹ̀ á já. Á rán ọmọ kékeré síta pé kó sọ pé òun kò sí nílé. Bó bá wá rí díẹ̀ san, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn olówó yẹn. Ó kàn fẹ́ kó dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń bá Ọlọ́run gbé. À ń gbàdúrà kí Ó má baà bínú. À ń fi ọrẹ lélẹ̀ kí Ó má baà fọwọ́ kan ọjà wa. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni pé kí ni mo jẹ Ọlọ́run tí n kò tíì san? Ó dùn mí pé àwọn oníwàásù kan ń fi iná sí i, wọ́n ń sọ fún opó pé ẹ̀jẹ́ tí kò san ló ń jà á. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè, orí kejì, ẹsẹ ìkẹrìnlá, pé Ọlọ́run ti pa ìwé tó wà lòdì sí wa rẹ́, Ó ti mú un kúrò lọ́nà, Ó sì kàn án mọ́ àgbélébùú. Ìwé gbèsè tí wọ́n ti kàn mọ́ igi, ta ló tún fẹ́ fi wá sin ẹnikẹ́ni lówó?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún, kí a sì má yára, nítorí a ti gbọ́ ìtàn yìí débi pé a kì í fetí sí i mọ́. Ọmọ àbúrò ti ná gbogbo ogún rẹ̀ tán nílẹ̀ òkèèrè. Ebi pa á débi pé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójú. Kó tó gbéra, ó to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ jọ. Ó ní òun yóò sọ pé òun ti dẹ́ṣẹ̀ sí ọ̀run àti níwájú baba, pé òun kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè ní ọmọ mọ́, kí baba fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ̀. Ètò ìsanwó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ sin baba rẹ̀ títí yóò fi san ohun tó bàjẹ́. Ẹ wá wo ẹsẹ ìkọkànlélógún. Ó sọ ti àkọ́kọ́, ó sọ ti èkejì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ alágbàṣe yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Baba ti ń pe àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọ́n mú aṣọ tó dára jù lọ wá, kí wọ́n fi òrùka sí i lọ́wọ́, kí wọ́n wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Alágbàṣe kì í wọ òrùka ilé.

Ẹ tún kíyè sí i pé ọmọ yìí ṣì wà lókèèrè nígbà tí baba rẹ̀ rí i, tó sì sáré. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ta ló ti rí baálé ilé tó ń ká agbádá sókè, tó ń sáré lójú títì láti lọ pàdé ọmọ tó ti dójú ti ìdílé? Àgbà ló yẹ kó jókòó kí ọmọ wá dọ̀bálẹ̀. Baba yìí kò ro ti àpọ́nlé ara rẹ̀ mọ́. Jésù ló pa ìtàn náà, Òun ló sì mọ Baba jù.

Ti ẹ̀gbọ́n ló máa ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí àwa tí a kò fi ìjọ sílẹ̀ rí ló jọ. Kò jáde nílé. Kò ná owó baba. Àmọ́ nígbà tó la ẹnu, ó ní láti ọdún pípẹ́ yìí ni mo ti ń sìn ọ́, n kò rú òfin rẹ rí, síbẹ̀ o kò fún mi ní ọmọ ewúrẹ́ kan kí n fi bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe àríyá. Òun náà ń ka owó! Ó gbé nínú ilé, ó ń jẹun nínú ilé, ó sì ń kọ iye tí baba jẹ ẹ́ sínú ìwé. Ọ̀kan rò pé òun jẹ baba ní gbèsè, èkejì rò pé baba ló jẹ òun. Kò sí èyí tó mọ bàbá rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìdáhùn baba sì rọ̀ bí òwú: ọmọ, nígbà gbogbo ni ìwọ ń bẹ lọ́dọ̀ mi, ohun gbogbo tí mo sì ní, tìrẹ ni. Mo gbà pé ìrètí Ọlọ́run fún gbogbo wa wà nínú gbólóhùn yìí. Ó fẹ́ kí a wà lọ́dọ̀ Òun, kí a sì mọ̀ pé ohun tí í ṣe tiRẹ̀, tiwa ni.

Nílùú yìí, ó yẹ kí a rántí ọdún 1930. Joseph Ayo Babalola, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928, dé Òkè-Oòyè, èrò sì ń wọ́ tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú. Àwọn èèyàn kó oògùn wọn wá, wọ́n dáná sun ún. Ohun ńlá ni, mo sì ń fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n dída oògùn nù kò le tó dída ẹ̀rù tó mú wa ra oògùn nù. Èèyàn lè sun oǹdè kó sì tún gbé ẹ̀rù kan náà wọ ilé Ọlọ́run, kó máa fi òróró, omi àti ààwẹ̀ ṣe ohun tí oǹdè ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Róòmù orí kẹjọ sọ fún wa pé a kò tún gba ẹ̀mí ẹrú láti máa bẹ̀rù mọ́, ẹ̀mí ìsọdọmọ la gbà, òun la fi ń ké pé Ábà, Baba.

Nínú orí kan náà, ẹsẹ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, Pọ́ọ̀lù sọ ibi tí Baba ń mú wa lọ: kí a lè jọ Ọmọ Rẹ̀, kí Ọmọ náà lè jẹ́ àkọ́bí láàárín ọ̀pọ̀ arákùnrin. Ẹni bíni là á jọ. Ibo ni ìjọra yìí ti máa ń hàn jù? Nínú Mátíù orí karùn-ún, Jésù kò tọ́ka sí àdúrà gígùn. Ó ní ẹ fẹ́ràn àwọn ọ̀tá yín kí ẹ lè jẹ́ ọmọ Baba yín tí ń bẹ lọ́run, nítorí Ó ń mú kí oòrùn Rẹ̀ ràn sára ẹni búburú àti ẹni rere, Ó sì ń rọ̀jò fún olódodo àti aláìṣòdodo. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn. Aláìsàn tó dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ abọ̀rìṣà, aláìsàn ni. Láti ibẹ̀ ni dókítà David Morley ti ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, tó ń wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lórí ìwọ̀n, tó ń kọ bí wọ́n ṣe ń sanra sínú káàdì kí ìyá lè tètè mọ̀ bí oúnjẹ kò bá tó. Káàdì irú èyí ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé báyìí. Àwọn ọmọ tó wọ̀n kò ṣe nǹkan kan fún un.

Òdìkejì èyí wà nínú Mátíù orí kejìdínlógún. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó owó iṣẹ́ òòjọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 6,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọdún 16 fún tálẹ́ńtì kan ṣoṣo, òun sì jẹ 10,000. Ọkùnrin yìí tún ń sọ fún ọba pé kó ní sùúrù fún òun, òun yóò san gbogbo rẹ̀! Ọba dárí jì í. Bó ti jáde, ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dẹ́náríì, owó iṣẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó dì í lọ́rùn mú. Mo rò pé kò gbà gbọ́ pé ọba ti dárí jì òun lóòótọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ṣì ń wá owó tó fẹ́ lọ san, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọrùn ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń rí Ọlọ́run bí olówó tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òun náà yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ará ìjọ rẹ̀. Ìjà tó wà láàárín àwa ìjọ nílùú yìí, lórí ilẹ̀, lórí oyè, lórí ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jésù, ní alẹ́ tí wọ́n fà Á lé wọn lọ́wọ́, gbàdúrà pé kí gbogbo wa jẹ́ ọ̀kan.

Ti ìbáwí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Hébérù orí kejìlá ní Baba ń bá wa wí fún èrè wa, kí a lè ní ìpín nínú ìwà mímọ́ Rẹ̀. Ìbáwí yàtọ̀ sí ẹ̀san. Ẹ̀san ń wo ohun tí ọmọ ṣe lánàá. Ìbáwí ń wo ẹni tí yóò dà lọ́la.

Lẹ́yìn èyí ni mo gba ìbéèrè. Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó ní òun gbàdúrà, òun gbààwẹ̀, ọmọ òun sì kú, kí ni Baba yìí ń retí lára òun báyìí? Gbogbo ilé dákẹ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. N kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kì í ṣe gbèsè lẹ ń san." Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, wọ́n bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Níwájú ibojì Lásárù, Jésù sọkún. Ní Gẹtisémánì, gẹ́gẹ́ bí Máàkù ṣe kọ ọ́, Ó pe Ọlọ́run ní Ábà, Baba, Ó bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó mú ago náà kúrò. Baba kò mú un kúrò. Kò sì sí ọmọ tí Baba fẹ́ràn tó O. Nítorí náà, Màmá, ago tí kò kúrò kò fi hàn pé ẹ kì í ṣe ọmọ. Bí ẹ bá lè sọkún níwájú Rẹ̀, ẹ sun ún. Bí ẹ bá fẹ́ bi Í ní ìdí rẹ̀, ẹ bi Í. Àwọn tó kọ Orin Dáfídì bi Í. Mo wá yíjú sí ìjọ, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tún bi ìyá yìí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló béèrè èkejì. Bàbá rẹ̀ máa ń lù wọ́n, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Bí òun bá gbọ́ "Baba wa tí ń bẹ lọ́run", inú òun kì í dùn. Mo sọ fún un pé Ìwé Mímọ́ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Orin Dáfídì 27 ní bí bàbá àti ìyá mi bá kọ̀ mí sílẹ̀, nígbà náà ni Olúwa yóò tẹ́wọ́ gbà mí. Kó má fi ìwà ọkùnrin yẹn wọn Ọlọ́run. Ìwà Jésù ni kó fi wọ̀n Ọ́n, torí Ó ní ẹni tó bá ti rí Òun ti rí Baba. Kó mú ìwé Ìhìnrere kan, kó máa kà á, kó máa wo bí Jésù ṣe ń ṣe sí ọmọdé, sí adẹ́tẹ̀, sí obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ lókùúta. Bí ọ̀rọ̀ "Baba" kò bá tíì yá a lẹ́nu nínú àdúrà, kó pe Jésù títí yóò fi yá a. Mo sì bẹ ẹ̀yin bàbá nínú ìjọ rẹ̀, tí ẹ mọ ilé tó ń gbé, pé kí ẹ lọ kí i láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ béèrè bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sí, kí ẹ sì tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.