Ilé Gogoro Láàárín Ìlú: Ta Ni Yóò Tọ́jú Ohun Àjùmọ̀ní?

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ yọ̀ǹda àkókò yín láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ohun tí a ó jọ gbé yẹ̀ wò ni àwọn ilé gogoro tí ń pọ̀ sí i láàárín gbùngbùn àwọn ìlú tó ń dàgbà, pàápàá èyí tí wọ́n pín sí fúláàtì fúláàtì tí wọ́n sì ń tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ń pè ní kóńdò. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ti ń dìde, ohun tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ni iye tí wọ́n ń ta fúláàtì kan, bí ilé náà yóò ṣe ga tó, àti ìgbà tí yóò parí. Mi ò tíì gbọ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé náà nígbà tó bá pé ọgbọ̀n ọdún, àti ibi tí owó ìtọ́jú náà yóò ti wá. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́, nítorí ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ní ọdún 1854, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha Otis dúró lórí pèpéle tí okùn gbé sókè níbi àfihàn kan ní New York, ó ní kí wọ́n gé okùn náà níṣojú gbogbo èèyàn, pèpéle náà kò sì já wálẹ̀, nítorí ó ti ṣe ìdádúró kan tí ń há mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí okùn bá já. Ẹ̀rù ẹ̀rọ agbéniròkè bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára àwọn èèyàn láti ìgbà náà. Ní 1885, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́wàá kan parí ní Chicago, Home Insurance Building, níbi tí férémù irin ti ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ẹrù tó jẹ́ pé ògiri nípọnnípọn ló ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ṣáájú ẹ̀rọ agbéniròkè, àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń gbé òkè pátápátá, nítorí wàhálà àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè di ibi tí wọ́n ń tà lówó gọbọi.

Irin àti ẹ̀rọ nìkan kò lè bí kóńdò, òfin ló parí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ra ilẹ̀ lè rìn ín yí ká kó sì mọ ibi tó pin sí, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra yàrá mẹ́ta lórí àjà ogún kò ní nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ibi tó jẹ́ àjà fún ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní láti mọ ibi tí ohun ìní rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, báńkì náà sì ní láti rí ìwé tí yóò gbà sọ́wọ́ kó tó lè yá a lówó. Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣòfin lórí irú níní ilé báyìí ní 1924, Faransé sì ṣe tirẹ̀ ní 1938. Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ṣe òfin tirẹ̀ ní 1958, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1960, nígbà tó sì di 1961, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà láti máa ṣe onídùúró fún owó tí àwọn èèyàn bá yá láti fi ra kóńdò. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà ṣe òfin tirẹ̀. Ontario ní Kánádà àti orílẹ̀-èdè Singapore ṣe tiwọn ní 1967.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin wọ̀nyí dá sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ra fúláàtì ní ìwé tirẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi yáwó, ó sì lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé, ìpìlẹ̀, àwọn òpó, àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ agbéniròkè, páìpù omi, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dúró lé jẹ́ ohun àjùmọ̀ní fún gbogbo àwọn tó ra fúláàtì níbẹ̀. Wọn kò yan ara wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní mọ ara wọn láéláé, síbẹ̀ òfin ti so wọ́n pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń dìbò yan ìgbìmọ̀ alákòóso, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù. Ẹni tó bá rò pé yàrá nìkan lòun rà kò tíì ka ìwé tó fọwọ́ sí tán. Ó ti ra ìpín nínú kọnkéré, nínú irin, àti nínú gbèsè tó bá tìdí wọn yọ.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ilé gogoro. Bí èèyàn bá ń pọ̀ sí i ní ìlú kan, tí ilé kò sì lè lọ sókè, ìlú náà yóò fẹ̀ lọ sínú oko àti igbó, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa fi wákàtí gígùn jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Páìpù omi kan, ìlà iná kan àti ọ̀nà kan lè sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé lórí ilẹ̀ kékeré. Vancouver ní Kánádà jẹ́ àpẹẹrẹ tí àwọn ayàwòrán ilé fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Lẹ́yìn àfihàn àgbáyé tó wáyé níbẹ̀ ní 1986, wọ́n ta ilẹ̀ etí omi tí wọ́n lò fún un fún ilé iṣẹ́ Li Ka-shing, olówó Hong Kong, ní 1988. Àwọn ilé gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìsàlẹ̀ wọn kún fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé kéékèèké sì bo ibi tí ọ̀nà rélùwéè àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Àárín ìlú tí ó lè di ahoro lálẹ́ di ibi tí èèyàn ń gbé tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àǹfààní gidi ni èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ìkọ́lé ti ń wá. Ní Toronto, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, tó ti wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ irú ilé yìí jù lọ ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, báńkì kì í sábà yá ẹni tó fẹ́ kọ́lé lówó títí yóò fi ta nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn fúláàtì náà, nígbà tí wọn kò tíì fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀. Olùrà á san owó àsansílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì dúró ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ta ló lè dúró fún irú àkókò bẹ́ẹ̀? Tọkọtaya tí ọmọ wọn kejì ń bọ̀ lóṣù mẹ́ta sí i kò lè dúró, nítorí òní ni wọ́n nílò ilé. Ẹni tó fẹ́ fi owó pa owó ló lè dúró, nítorí ó ń retí kí iye ilé náà gbé pẹ́ẹ́lí sí i kó tó parí, tàbí kó fi háyà fún ayálégbé.

Nítorí náà, ẹni tí kò ní gbé inú ilé náà ni wọ́n ń yàwòrán rẹ̀ fún. Fúláàtì kékeré ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́, nítorí owó tí yóò fi wọlé kò pọ̀, ayálégbé rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Yàrá kan ṣoṣo, tàbí yàrá kan tí wọ́n fi ògiri tín-ín-rín pín ibi ìgbáfẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ni ó ń kún inú àwọn ilé náà, nígbà tí àwọn ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta kò rí ohun tó gbà wọ́n. Àkọsílẹ̀ ìjọba Kánádà fi hàn pé ní ọdún 2020, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kóńdò Ontario tó jẹ́ pé àwọn tó rà wọ́n ń fi wọ́n ṣòwò ni. Lẹ́yìn náà ni báńkì àpapọ̀ Kánádà gbé èlé tó jẹ́ ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún títí di oṣù kẹta ọdún 2022 dé ìdá 5 ní oṣù keje ọdún 2023. Àwọn tó ti fọwọ́ sí ìwé nígbà tí owó ilé wà lókè gan-an wá rí i pé báńkì kò ka ilé náà sí iye tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti san. Títà ṣáájú kíkọ́ lọ sílẹ̀ gidigidi, wọ́n sì pa àwọn iṣẹ́ kan tì. Ìlú tó nílò ilé ní ọ̀pọ̀ fúláàtì kékeré tí kò rí olùrà.

Ẹni tó ra ilé fún òwò kò ṣe ohun tó lòdì sófin, ayálégbé náà sì nílò ibi tí yóò sùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní dìbò fún owó oṣooṣù tó ga, torí owó náà ń jẹ èrè rẹ̀, kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí òrùlé bá ń jò. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì fẹ́ darúgbó síbẹ̀ lè máa pariwo, ṣùgbọ́n ìbò ni wọ́n ń kà. Ẹni tó kọ́lé náà sì mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń gbé owó oṣooṣù ọdún àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní iye tó kéré ju ohun tí ilé náà ń ná gan-an lọ, kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn olùrà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Surfside ní ìpínlẹ̀ Florida kò yẹ kí ìlú kankan tó ń kọ́ ilé gogoro gbàgbé rẹ̀. Ilé alájà méjìlá ni Champlain Towers South, wọ́n kọ́ ọ parí ní 1981 létí òkun. Ní 2018, ẹnjiníà kan kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé ohun tó yẹ kó dènà omi lábẹ́ àgbàlá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti bàjẹ́, àti pé ó ti ba kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ gidigidi. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Níbi òkun, omi iyọ̀ ni aláǹgbá náà, irin inú kọnkéré ló sì ń jẹ. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn onílé lórí owó àtúnṣe, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ alákòóso kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2019, àpò tí ẹgbẹ́ náà ní kò sì tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbà láti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́wọ́ gbogbo àwọn onílé, ọdún 2021 ti dé. Ní òru ọjọ́ 24, oṣù kẹfà ọdún náà, apá tó pọ̀ nínú ilé náà wó lulẹ̀ lé àwọn tó ń sùn lórí, ẹni 98 sì kú. Òfin Florida ìgbà yẹn gba àwọn onílé láàyè láti dìbò lọ́dọọdún pé àwọn kò ní tọ́jú owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú.

Ìyà àìtọ́jú kì í sábà dé lójijì bẹ́ẹ̀. Ní Vancouver tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, òjò wọ inú ògiri ọ̀pọ̀ kóńdò tí wọ́n kọ́ láàárín nǹkan bí 1980 sí òpin àwọn ọdún 1990, kò sì rí ọ̀nà jáde, igi àti irin inú wọn sì ń jẹrà láìsí ẹni tó rí i. Ìjọba ìpínlẹ̀ British Columbia, níbi tí Vancouver wà, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1998 lábẹ́ Dave Barrett, tó ti jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ onílé tó fẹ́ pe ẹni tó kọ́ ilé náà lẹ́jọ́ kò rí ẹni kankan pè, torí ilé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n sì ti pa á rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ta fúláàtì tó gbẹ̀yìn. Àtúnṣe tí ìpínlẹ̀ náà ṣe wù mí púpọ̀: ilé tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ di títà mọ́ láìní ètò adójútòfò tó máa bo ìbàjẹ́ ara ògiri ìta fún ọdún márùn-ún àti ti egungun ilé fún ọdún mẹ́wàá, yálà ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ ṣì wà tàbí kò sí mọ́. Sydney, ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, náà gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nígbà tí kọnkéré ilé gogoro Opal Tower sán lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2018, ní ọdún tí wọ́n kọ́ ọ parí gan-an, tí wọ́n sì kó àwọn olùgbé jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, òfin ọdún 2020 fún aláṣẹ ìkọ́lé ìpínlẹ̀ náà lágbára láti dá ìwé àṣẹ tí àwọn èèyàn fi ń kó wọlé dúró fún ilé tó bá ní àbùkù ńlá.

Fún ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú ni mo rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi òfin dì mú, kó má jẹ́ ohun tí ìpàdé kan lè fi ìbò fagi lé. Ontario ní kí ẹgbẹ́ àwọn onílé gba ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìkọ́lé láti ṣírò ìgbà tí òrùlé, páìpù àti ẹ̀rọ agbéniròkè yóò nílò pípààrọ̀ àti iye tí yóò ná wọn, kí wọ́n sì máa tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra fúláàtì rí ìwé ìṣirò yìí kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. 

Florida ti yí òfin rẹ̀ padà ní 2022. Ilé tó bá ní àjà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ẹnjiníà bó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, wọn kò sì lè fi ìbò yẹra fún owó àtúnṣe egungun ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ìnáwó náà já lé lórí: àwọn àgbàlagbà tó ń gbára lé owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n ra fúláàtì ọlọ́dún ogójì lọ́wọ́ ẹni tó ti tà á kó tó lọ, wá ń san owó tí ó yẹ kí àwọn onílé tó ṣáájú wọn ti máa dá díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Àwọn mìíràn ní láti ta ilé wọn ní owó tí kò tó nǹkan. Ìlú tí ilé gogoro rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun lè gba owó yìí lọ́wọ́ onílé àkọ́kọ́ láti oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí a ti pín in sí ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì ní wúwo fún ẹnikẹ́ni.