Ohun Tí Peteru àti Johanu Béèrè Nígbà Tí Wọ́n Halẹ̀ Mọ́ Wọn

Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú ẹnikẹ́ni ní Akúrẹ́ lónìí nítorí pé ó dúró lẹ́bàá Ọjà Ọba tó ń sọ ìtàn Jésù. Abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1999, fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, láti yí ẹ̀sìn padà, àti láti tan ẹ̀sìn rẹ̀ kálẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan níbí ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ìgboyà láti wàásù nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń takò wá, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé, aláṣẹ wo? Mo sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Òun rèé, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jerúsálẹ́mù ná, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 3 àti 4. Ọkùnrin kan yarọ láti inú ìyá rẹ̀ wá, ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà Tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń pè ní Dáradára, kó lè máa ṣagbe. Peteru àti Johanu bá a níbẹ̀, wọ́n ní kó dìde ní orúkọ Jésù, ó sì fò sókè. Èrò rọ́ dé, Peteru wàásù, ni wọ́n bá mú wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n tì wọ́n mọ́lé títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ wo àwọn tó jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ wọn nígbà tí ilẹ̀ mọ́: Ánnà, Káyáfà, àti gbogbo ìdílé olórí àlùfáà, àwọn kan náà tó dá Jésù lẹ́bi. Apẹja méjì tí kò kàwé ni wọ́n dá dúró sí àárín. Ọkùnrin tó yarọ lánàá sì dúró tì wọ́n, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ jiyàn? Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ síta ná, wọ́n forí korí, wọ́n tún pè wọ́n wọlé, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fi orúkọ yẹn kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èsì àwọn apẹja náà kò gùn: àwọn kò lè ṣe aláìsọ ohun tí àwọn ti rí, tí àwọn sì ti gbọ́. Peteru yìí náà ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lágbàlá olórí àlùfáà bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́, tó sì fi ìbúra kún un.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró lé. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará, wọ́n ròyìn, gbogbo wọn sì gbàdúrà. Bó bá jẹ́ àwa ni, gbogbo wa la mọ ibi tí àdúrà náà máa gbà. A ó ti gun orí òkè, a ó ti gba ààwẹ̀, a ó sì máa lagun lórí pé kí Káyáfà ṣubú, kí àga bọ́ nídìí rẹ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ìrora tó ń bí i. Àwọn ará Jerúsálẹ́mù ka Sáàmù kejì. Wọ́n dárúkọ Hẹ́rọ́dù àti Pọ́ńtíù Pílátù níwájú Ọlọ́run láìṣẹ́ èpè kankan fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́: kí Olúwa wo ìhàlẹ̀ náà, kí ó fún àwọn ní ìgboyà láti máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kí ó sì máa na ọwọ́ rẹ̀ láti ṣe ìwòsàn. Wọ́n gbé ìhàlẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n sì tọrọ ẹnu tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Ní orí 5, wọ́n tún mú wọn, wọ́n nà wọ́n pàápàá, wọ́n sì tún bá wọn nínú Tẹ́ḿpìlì kan náà.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ irú ìyà yìí. Ní Abẹ́òkúta, ní 1849, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré tí àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn olóyè kan mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì nà wọ́n pé kí wọ́n padà sídìí òrìṣà ilé bàbá wọn. Ní Oǹdó wa níbí, míṣọ́nnárì kan, Charles Phillips, dé ní 1877. Ó sì jẹ́ kí Ọ̀ṣemàwé àti àwọn ìjòyè mọ̀ pé fífi ènìyàn sin òkú ọlọ́lá kò dára. Wọn kò tètè gbà fún un. Kò tìtorí ìyẹn kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Iléṣà wá sí Akúrẹ́ ti kọjá ní Ìkejì-Arákejì, níbi tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà báyìí. Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 24 ni Babalọlá nígbà tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì lójú ọ̀nà yẹn fún iṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, katakata náà dákẹ́, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó lọ sí Odò-Ọ̀wà, ìlú rẹ̀, ó kun eérú sára, ó ń kéde ìdájọ́ tó ń bọ̀. Àwọn ará ilé rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba pé ó ń da ìlú rú, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìlọrin, kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, tí èrò ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ní 1932, wọ́n ju Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin, lórí ẹ̀sùn pé ó wàásù tako àwọn àjẹ́. Mo fẹ́ sọ èyí ní gbangba: ẹ̀sùn àjẹ́ ti ṣe àwọn ìyá arúgbó léṣe púpọ̀ nílẹ̀ wa, mi ò sì ní bú ìjọba tó bá ń ṣọ́ra fún un. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè lọ sinmi nílé ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Calabar ló gbà lọ, ó ń wàásù. Kì í sì í ṣe gbogbo aláṣẹ ló takò ó. Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè Eritrea ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní 2002, ìjọba ti gbogbo ìjọ pa àfi Orthodox, Kátólíìkì àti Luther. Arábìnrin olórin kan wà níbẹ̀, Helen Berhane, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orin ẹ̀mí jáde. Wọ́n mú un ní oṣù karùn-ún 2004. Wọn ò gbé e lọ síwájú adájọ́ kankan. Inú kọ̀ǹténà ni wọ́n tì í mọ́, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kó ẹrù gba orí òkun. Ẹ rántí pé irin lásán ni kọ̀ǹténà. Bí oòrùn bá ràn, inú rẹ̀ a gbóná janjan, bó bá di òru, òtútù ibẹ̀ a wọ eegun. Wọ́n gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i pé òun ò ní tan ìhìnrere mọ́. Kò fọwọ́ sí i. Ó lé ní ọdún méjì tó wà níbẹ̀, wọ́n sì nà án débi pé nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní 2006, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà. Ọmọbìnrin kan ló bí, ó sì ń ronú nípa ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí.

Mo padà sílé. Àwa Yorùbá kì í fọwọ́ gbá àgbà lójú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ kò. A rò pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ọba tàbí ọ̀gá lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di aláfojúdi. Rárá o. Ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó kí ọba, kó sì sọ fún un látorí ìdọ̀bálẹ̀ náà pé, “Kábíyèsí, èyí nìkan ni mi ò ní lè ṣe.” Nígbà tí Pọ́ọ̀lù pe Ananíà ní ògiri tí a kùn ní ẹfun, tí wọ́n wí fún un pé olórí àlùfáà ni, ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀rí rẹ̀ nípa Jésù padà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ìbáwí ni inúnibíni. Bí aládùúgbò bá ní kí ẹ dín gbohùngbohùn kù ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí ọmọ òun ṣàìsàn, ẹ dín in kù. Peteru fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ kìíní pé kí ẹnikẹ́ni má jìyà bí olófòófó tó ń tojú bọ ọ̀ràn ẹlòmíràn.

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì béèrè pé, ọ̀gá òun ní òun ò gbọdọ̀ wàásù fún aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé kóun ṣàìgbọràn? Mo ní kó gbọ́ràn. Aláìsàn tó wà lórí omi abẹ́rẹ́ kò lè dìde lọ bí ọ̀rọ̀ náà kò bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá ní, “Àǹtí, ẹ gbàdúrà fún mi,” kó gbàdúrà, bí ọ̀gá bá sì pè é, kó sọ òtítọ́ ohun tó ṣe, kó sì fara mọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé girama ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní nígbà tóun wà nípò, tipátipá lòun fi ń kó gbogbo ọmọ wọ ìsìn àárọ̀, tọmọ Mùsùlùmí tọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ìgboyà lòun sì rò pé ó jẹ́. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga Káyáfà.” Mo ka apá kejì abala 38 yẹn fún wọn, pé wọn ò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ mi tó wà nípò yẹn báyìí?” Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó wá yàrá kan àti olùkọ́ kan fún àwọn ọmọ tí kò bá fẹ́ wọ ìsìn, kó ṣí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní àkókò ìsinmi fún ẹni tó bá wù, kó sì fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà ní yàrá tiwọn.